Abọ́ Kan Náà Ni Wọ́n Ti Ń Jẹun

Mo wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń gé ẹran ewúrẹ́ ládùúgbò Fondren, lókè òkun níbí, nígbà tí ọkùnrin kan kọjú sí àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, torí pátákó olóṣèlú tí mo rì síwájú ilé, ẹ ò wá sọ ọmọ mi lórúkọ!"

"Àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ́lé dí ojú omi ló ń bọ́ olóṣèlú ẹ yẹn."

"Àwọn náà ló ń bọ́ tiyín! Nígbà tí omi ya wọ ilé wa, èwo nínú wọn ló sọ̀rọ̀? Wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, àwa ọmọ ìyá ò kíra mọ́."

Àgbàlagbà náà sún mọ́ ọn. "Kí lẹ wá sọ ọmọ náà?"

"Ọmọ yẹn ti ń rìn, Bọ̀dá mi."