Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Àwọ̀n

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó. Ẹ̀yin aṣọ́lé kéékèèké, ẹ yéé wo àwòrán mi lára ògiri, irọ́ ló kún ibẹ̀. Ngo Bikai, ìyàwó wa, má jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi lónìí. Bọ́ sẹ́yìn orí mi, níbi irin bẹ́ẹ̀dì yẹn, torí tí mo bá ń gbọ́ èémí rẹ nítòsí, ẹnu mi ò ní gbà á. Ojú mi méjèèjì ti fọ́, dókítà sì ti ní kí wọ́n máa fún mi ní ohunkóhun tó bá wù mí jẹ. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè. Gbogbo ìlú Edéa yìí ló ń sọ pé bọ́ọ̀lù ló pa Nlend. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Èmi Bayiha ni mo pa á.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò bá Nlend láyé. Òun ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, èmi ni igbákejì rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí igbákejì aṣọ́lé ń jẹ? Ìyà ni. Àwọn tó kù ń sáré, ó ń rẹ̀ wọ́n, wọ́n ń pààrọ̀ wọn. Kì í tètè rẹ aṣọ́lé. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń kí mi ní títì pé, “Bayiha, ẹ kú ìjókòó o!” Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ń jó bí iná.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìdánrawò, Nlend fà mí lọ sétí odò Sanaga, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ wa. Ó ń jẹ orógbó bí ìṣe rẹ̀.

Ó ní, “Àbúrò, ojú òsì mi ń kú lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá gba ọ̀hún wá, mi ò rí i mọ́ àfi tó bá dé ọ̀gangan imú mi.”

“Ṣé kóòṣì mọ̀?”

“Ṣé orí ẹ pé? Kí wọ́n lè lé mi? Ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣètò rẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lápá òsì, èmi á wà lẹ́yìn àwọ̀n, màá ṣe bí ẹni tó ń na ara. Tí ó bá yẹ kó lọ pàdé bọ́ọ̀lù, màá pariwo “Jáde!” Tí kò bá yẹ, “Dúró!” Ó ń ṣe ohun tí mo bá sọ láìwẹ̀yìn. Àwọn èèyàn ní ìfẹ́ wa ga, pé bí ìbejì la rí. Ẹ gbà mí o, ìbejì!

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ kan wá bá wa gbá láti Mbalmayo. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wà lórí àga, Nlend ni wọ́n wá wò. Wọ́n gbá kọ́nà láti apá òsì. Mo rí Tsala, ọmọ Mbalmayo gìrìwò kan, tó ń sáré bọ̀, tó ti fò sókè, tí orúnkún rẹ̀ yọ síwájú. Mo rí i kedere. “Dúró” ló yẹ kí n sọ. Mi ò ní parọ́ mọ́ ahọ́n mi, mi ò ní sọ pé ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo rò ó, mo sì pariwo: “Jáde, Nlend! Jáde!”

Ó jáde. Kò ṣiyèméjì rárá. Orúnkún Tsala bá a ní ẹ̀bátí, ìró rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí àgbọn bá já lu ilẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ kó ṣèṣe díẹ̀ ni. Ta ni mò ń tàn? Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo wọ̀ ọ́, mo sì fi parí ìdíje. Ó kú sí ọsíbítù kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé.

Wọ́n sọ òkúta lu ọkọ̀ àwọn ará Mbalmayo. Wọ́n ń pe Tsala ní apànìyàn, èmi náà sì bá wọn pè é, ẹnu mi ló tiẹ̀ le jù. Ọmọ yẹn ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé rẹ̀. Níbi ìsìnkú ọkọ rẹ, Ngo Bikai, o di ọwọ́ mi mú, o ní, “Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ti sọ fún mi pé lẹ́yìn ìdíje yẹn òun ò gbá mọ́. Ó ní òun á sọ fún kóòṣì kí ó fi ilé lé yín lọ́wọ́.” O rò pé o ń tù mí nínú ni. Ohun tí mo torí ẹ̀ pààyàn, ó ti fẹ́ gbé e fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wá dúró sẹ́nu àwọ̀n fúnra mi, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ láti apá òsì, mo sì gbọ́ òórùn orógbó. Ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, jẹ́ẹ́jẹ́: “Dúró, àbúrò.” Ẹsẹ̀ mi lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù fò kọjá orí agbábọ́ọ̀lù iwájú àwọn alátakò wa, ó wá bọ́ sí mi lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Mo wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni kankan. Àwọ̀n ń mì láìsí afẹ́fẹ́.

Láti ọjọ́ náà, kò fi mí sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní Bayiha lójú lẹ́yìn orí. Èmi ń dúró de ọjọ́ tó máa tàn mí, torí mo mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ gbẹ̀san. Nígbà tó di àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ ní Yaoundé, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gíga kan wọlé. Ohùn náà ní, “Dúró, àbúrò.” Mo ní, háà, òní gan-an ló ti ń dọdẹ. Mo jáde. Bọ́ọ̀lù gba orí mi kọjá, ó wọ àwọ̀n. Òótọ́ ló sọ. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń mí kanlẹ̀ nítorí àbúrò olórí kunkun. Mo sunkún lórí pápá, wọ́n rò pé ife ni mò ń sunkún. Ká ní ó tàn mí lẹ́ẹ̀kan péré, ǹ bá ní a ti kúrò nínú gbèsè ara wa. Kò tàn mí rí. Ìyẹn ló pa mí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ jókòó síbẹ̀ títí ìdí yín á fi ta. Ó sàn ju ilé tí mo ṣọ́ lọ. Tí Tsala bá ṣì wà láyé, ẹ wá a kàn, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe orúnkún rẹ̀ ló pa Nlend.

Ngo Bikai, o ń gbé ọbẹ̀ mbongo wá fún mi ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, mo sì ń jẹ ẹ́, mo ń lá ọwọ́. Jọ̀ọ́, forí jì mí. Láti àná ni òórùn orógbó ti kún yàrá yìí. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa bọ̀?” Kò dá mi lóhùn. Ó jọ pé ó fi ìdáhùn sílẹ̀ fún ọ ni. Mo mọ̀ pé o wà lẹ́yìn orí mi, mo gbọ́ tí irin bẹ́ẹ̀dì dún nígbà tí o dì í mú. Tí o bá dárí jì mí, ní kí n jáde, màá máa lọ. Tí o ò bá lè dárí jì mí, ní kí n dúró, màá sì dúró sínú ìrora yìí títí tí ọkàn rẹ á fi rọ̀. Sọ ọ́ sókè, ìyàwó wa. Mi ò ní wẹ̀yìn.