Ẹsẹ Oríkì tí Mo Gbé Mì

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, àti ẹ̀yin àgbà ìgbìmọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n máa ka ìwé yìí fún, èmi Bọ́lánlé, ìyàwó Oyèwọlé, tí gbogbo yín mọ̀ sí Oníwàgáṣì, mo fẹ́ sọ ohun tí mo ti fi pamọ́ fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ mi kan nítorí àtọ̀gbẹ, èkejì sì ti ń dúdú. Dókítà ò sọ iye ọjọ́ tó kù, èmi náà ò bi í. Adéọlá, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Pọ́bẹ̀, tó ń gbé yàrá kejì sí mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti ní kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí mo bá sọ ohun tí kò dára létí, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì retí ẹkún lẹ́nu mi. Mo wá ẹkún náà títí, mi ò rí i.

Ẹ mọ ilé wa. Kí wọ́n tó wó o, òun ló kọjú sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ní àárín ìlú gan-an, ilé alámọ̀ tó ní páànù pupa. Iwájú rẹ̀ ni mo ti ń din wàgáṣì, wàrà àwọn Fúlàní, láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dúró níbẹ̀ títí dìgbà tí koríko hù bo irin. Bessé ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mo wọ ilé Oyèwọlé, mi ò sì bímọ kankan. Ẹni tí kò bímọ nílé ọkọ, kí ló kù tó fẹ́ fi di ẹni tí wọ́n ń wá, bí kò ṣe kó mọ ilé náà kì? Mo kọ́ oríkì ilé lẹ́nu ìyá ọkọ mi títí mo fi mọ̀ ọ́n ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, èmi ni. Bí wọ́n bá ń gbé ìyàwó wọlé, èmi ni. Bí wọ́n bá ń sìnkú, èmi náà ni. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ilé kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan, oríkì gbogbo wọn wá ṣẹ́ kù sẹ́nu mi nìkan. Kí n má parọ́, mo gbádùn rẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi ọkùnrin bí ọmọkùnrin kan, Kọ́ládé. Ìyá rẹ̀ máa ń lọ sóko ní Kaboua, á fi ọmọ sílẹ̀ fún mi. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n títí ó fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹkún ni iṣẹ́ ọmọ náà, kò sì sí ohun tó ń pa á lẹ́nu mọ́ bí kò ṣe oríkì. Bó bá ti figbe ta, màá gbọ̀n ọ́n díẹ̀ lẹ́yìn mi, màá ní, “Àkàngbé, ọmọ agorí-àpáta-sá-èlùbọ́, ọmọ òjò-ń-bọ̀-ẹ-gbé-tiyín-wọlé, ẹni tí ò nílé tó máa gbé e wọ̀, kó gbé e wá sílé wa.” Kí n tó parí ẹsẹ kẹta yẹn, oorun á ti gbé e lọ. Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ kó òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí Abidjan. Lẹ́tà wá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kò wá mọ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n pe ìpàdé lórí àárín ìlú. Ẹ ó rántí bí inú gbogbo wa ṣe dùn. Wọ́n ní àwọn ará Kútọnu ń pè wá ní ará òkè, àwọn ará Parakou ń pè wá ní ará ìsàlẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ sì ti di ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró kí èrò lè tọ̀. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. A ó da ọ̀dà sójú ọ̀nà, a ó gbé iná sí i, a ó kọ́ ilé ìtajà alájà méjì yí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ká, kí àlejò tó bá wá wo àwọn àpáta wa lè jẹun, kó sùn, kó mọ̀ pé ìlú kan lòun wà, ìlú tó lórúkọ. Alàgbà Latifou, olórí ìgbìmọ̀ ilẹ̀, wá fi kún un pé àárín ìlú tí a fẹ́ fi han ayé, ọmọ onílé ni kó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀. Ó ní, “Ìwé ò pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ta ni ò ní oríkì? Kí oníkálukú wá ki ilé rẹ̀ níwájú wa, kí àgbà ilé náà sì jẹ́rìí sí i.” Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ohun tó dára ló rò. Kò wá sí i lọ́kàn pé oríkì odindi ilé kan lè wà lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo.

Oṣù kejì ìpàdé náà ni Kọ́ládé dé. Mo wà nídìí agbada nígbà tí ọkùnrin kan tó ti ń hewú sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù akérò, ó gbé àpò kan dání. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó ní, “Ẹ kú ilé o, ìyá. Èmi ni Kọ́ládé.” Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó dárúkọ, etí bàbá rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ. Ó ní ìyá òun ti kú, pé ohun tó sọ gbẹ̀yìn ni pé kí òun lọ sílé. Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀, Faransé ń já lù ú. Ó ní, “Ìyá, ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti wà lọ́hùn-ún. Títí dòní, bí ìjà kékeré bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, wọ́n á ní kí Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, máa lọ sílé rẹ̀. Àwọn ọmọ mi wá ń bi mí pé níbo nilé náà wà. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n.” Ó wo ògiri yíká, ó ní òun máa kọ́ ilé náà bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ ní àárín ìlú. Mo ń retí kó sọ ibi tí èmi máa wà. Kò sọ ọ́. Bóyá ó rò pé ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ fún ìyá ẹni ni. Ẹnu mi yìí, tó ń ki gbogbo ayé, kò lè béèrè.

Ọjọ́ kejì ni Tọ́ládé wá. Ẹ mọ̀ ọ́n, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ra wàgáṣì, kò jẹ ẹ́. Ó ní, “Ìyá, ará Abidjan yìí máa wólé. Níbo lẹ ó wà?” Mo ní inú ilé ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín. “Ọkọ tó ti kú, tí ẹ ò bímọ fún. Á gbé yín lé alùpùpù, ó di Bessé. Ta ló kù ní Bessé tó mọ̀ yín?” Ká sọ òtítọ́, kò sẹ́nì kankan. Ó ní kí n kọ́ òun ní oríkì ilé, kí n sì sọ fún ìgbìmọ̀ pé inú ilé wa ni wọ́n ti bí ìyá bàbá òun. Òun máa kọ́ ilé náà, yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sọ́nà á sì jẹ́ tèmi títí màá fi kú. Ẹ̀yin á rò pé mo ní kó fún mi láyè. Rárá. Mo ní kó máa bọ̀ láàárọ̀.

Òwúrọ̀ méje ló fi wá. Mo ń din wàgáṣì, mo ń kì, òun ń kì í tẹ̀ lé mi, Kọ́ládé ń sùn nínú yàrá lẹ́yìn wa. Bó bá jáde, a ó panu mọ́, Tọ́ládé á ní, “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n.” Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é. Ní ọjọ́ karùn-ún, Kọ́ládé fúnra rẹ̀ jókòó tì mí. Ó ní, “Ìyá, wọ́n ní mo máa ki ilé wa. Mo ti gbàgbé. Ẹ kọ́ mi.” Mo fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, mo ní, “Ọmọ onílé kì í kọ́ oríkì. Tó bá dọ́jọ́ náà, á wá fúnra rẹ̀.” Ó gbà mí gbọ́, ó mu ẹ̀kọ rẹ̀.

Ọjọ́ ìjókòó pé, ọ̀pọ̀ yín wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ pe Kọ́ládé. Abidjan ni wọ́n ti ṣe ìwé ìbí rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ bàbá rẹ̀ lódì. Alàgbà Latifou ní kò burú, kó ki ilé rẹ̀. Ó ní, “Àkàngbé ni mí,” ó sì dúró síbẹ̀. Ẹnì kan ní Àkàngbé pọ̀ bí iyanrìn, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òógùn bò ó. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, “Ìyá yìí ló pọ̀n mí. Ẹ bi wọ́n.” Alàgbà Latifou yíjú sí mi. “Oníwàgáṣì, ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí?” Mo ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n. Kọ́ládé tiwa ti kú. Ogun ló pa á ní Abidjan.” Ohùn mi ò gbọ̀n.

Ibẹ̀ ni ǹ bá dúró sí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Alàgbà ò tíì gbà, ó ń wo ojú ọkùnrin náà, ó ń wo tèmi. Ni mo bá dìde, mo ká ìborùn mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki Kọ́ládé bí a ṣe ń ki òkú. Ó dúró níwájú mi, ó ń mí, mo ń kì í bí òkú. Mo ki ẹsẹ àkọ́kọ́, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Mo ki èkejì. Mo fẹ́ mí sínú kí n tó bọ́ sí ẹ̀kẹta, àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ṣáájú mi. Ó dijú, ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun: “Ẹni tí ò nílé tó máa gbé e wọ̀, kó gbé e wá sílé wa.” Láti ẹ̀yìn mi lọ́rọ̀ náà ti wọ inú rẹ̀. Alàgbà Latifou gbọ́ ọ. Ó gbé orí sókè, ó ń dúró de ẹsẹ kẹta lẹ́nu mi. Bí mo bá kì í bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ bùṣe, Kọ́ládé ti wọlé baba rẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo gbé e mì. Mo ní, “Àwa ti gbé tiwa wọlé ká tó ta yín lólobó.” Ojú ẹsẹ̀ ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀, ó dùn létí, ó sì bá ohùn mu. Mo wá sọ fún Alàgbà pé, “Bó ṣe parí nìyẹn. Èyí tí ọkùnrin yẹn sọ, kò sí nínú ilé wa.” Tọ́ládé dìde lẹ́yìn mi, òun náà kì í ṣe òpè. Bí mo ṣe yí i padà ló ṣe kì í, kò ki èyí tí mo fi òwúrọ̀ méje kọ́ ọ. Mo jẹ́rìí pé inú ilé wa ni wọ́n ti bí ìyá bàbá rẹ̀, ìgbìmọ̀ sì fún un ní ilé náà.

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Kọ́ládé ò bú mi. Ó wá síwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, ìyá. Mo ṣì í.” Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Kò mọ̀ pé mo parọ́. Ó gba ẹnu mi gbọ́ ju ohun tó wà nínú ara rẹ̀ lọ.

Tọ́ládé kọ́ ilé náà, alájà méjì, ó kùn ún, àwọn àlejò ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ó fún mi ní yàrá, kò yẹ àdéhùn. Ilẹ̀ yàrá ń dán, abẹ̀bẹ̀ oníná wà lókè. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ̀ ọ́, mi ò ki ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n á wá pè mí sí ìsọmọlórúkọ, màá ní ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí. Mo ń jókòó, mo ń wo bọ́ọ̀sì. Oúnjẹ ò dùn, kò sì korò. Wọ́n gé ẹsẹ̀ mi, mo wo ibi tó wà tẹ́lẹ̀ bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo sọ ọ́ fún Adéọlá. Ó gbọ́ tán, ó kàn sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ó ní, “Màmá, ṣé nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín?” Ó wà, Kọ́ládé kọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ tó dé. Adéọlá pè é. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, Faransé ló ń sọ, Adéọlá ń túmọ̀ fún mi. Ó ní bàbá òun wà níbi iṣẹ́, ta ni kí òun sọ pé ó pè? Mo ní kó sọ fún un pé ẹni tó pọ̀n ọ́n ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Ọmọ náà ní bóyá a ṣi nọ́ńbà pè. Ó ní tẹ́lẹ̀ bàbá àwọn máa ń sọ pé obìnrin kan pọ̀n òun, pé ó ń ki òun títí òun á fi sùn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti re ilé bọ̀ ló ti ní àlá lásán ni, kò sí ẹni tó pọ̀n òun rí.

Ẹ̀yin àgbà, Kọ́ládé ló ni ilé. Ẹsẹ kẹta tó kì ló tọ́, tèmi ni irọ́. Tọ́ládé á ní mo ti ń ṣarán, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ pe Kọ́ládé, ẹ kì í fún un bó ṣe wà, kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kó lè mọ̀ pé òun ò lá àlá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́lé sí àárín ìlú, ẹ kọ́ oríkì ilé yín lẹ́nu ẹni méjì, ẹni mẹ́ta. Ẹ má fi ara yín sí ìkáwọ́ ẹnu kan, bó ti wù kí ẹnu náà dùn tó. Ìdáríjì wà lọ́wọ́ Kọ́ládé, mi ò bẹ ẹ̀yin fún un. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Bí mo bá kú, ẹ má kì mí.