Ìgbànú Tí Mo Fi So Ọwọ́ Múráínà

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ẹ tún un gbé ga! Bàbá Díákónì, ẹ jí o, tiyín ò tíì dé etí mi! Ògo ni fún Ọlọ́run tó gba ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lọ́wọ́ èmi tíṣà yín.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo lọ sógun dé Íńdíà, sójà kan kọ́ mi ní júdò, ìjàkadì àwọn ará Japáànù. Mo padà sí Ìwó, mo kó ọ̀dọ́ mẹ́fà jọ, àwọn tí ojú wọn fọ́ àti àwọn tó ń ríran bàìbàì, mo ń kọ́ wọn lẹ́yìn ilé ìwé. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! "Tíṣà ń kọ́ afọ́jú ní ìjà! Ta ni wọ́n máa rí bá jà?" Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú júdò, ẹ ó ti di aṣọ ara yín mú kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ló ń ríran.

Múráínà ló mọ̀ ọ́n jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọmọ Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ládùúgbò wa. Ojú rẹ̀ fọ́ pátápátá. Bí a ṣe ń ṣubú ni mo kọ́kọ́ ń kọ́ wọn: jọ̀wọ́ ara rẹ, fi ẹ̀yìn gba ilẹ̀, fi apá gbá ẹní. Àmọ́ ọmọ Yorùbá wo ló fẹ́ kí ẹ̀yìn òun kan ilẹ̀ níbi ìjàkadì? Láàárọ̀ Sátidé kan, ẹnìkejì rẹ̀ gbé Múráínà sókè, ó ń lọ sílẹ̀, ó ní ẹ̀yìn òun ò ní kan ilẹ̀ láé. Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Pá! Egungun dá.

Ọlọ́gbọ́n sì ni mí, àbí? Mo wá pákó pẹlẹbẹ méjì, mo tú ìgbànú mi, mo fi so apá náà. Mo so ó le bí ẹni ń di ẹrù kòkó! A wọ lọ́rì Ìbàdàn. Lọ́rì bàjẹ́ lọ́nà. Ọmọ ń sunkún. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́.

"Múráínà, ṣé ara ti tù ẹ́?"

"Tíṣà, mi ò mọ ọwọ́ náà lára mọ́."

Inú mi dùn! Mo rò pé ìrora ló lọ. Ẹ wo òmùgọ̀ tó kàwé!

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, bàbá rẹ̀ ti gbọ́, ó ti gba ọkọ̀ mìíràn dé ṣáájú wa. Dókítà wo àwọn ìka. Wọ́n dúdú. Wọ́n tutù.

"Ta ló so èyí? Láti ìgbà wo?"

Ààfáà sún mọ́ ọn. "Dókítà, ẹ ṣàánú mi. Ojú ti lọ. Ọwọ́ yìí ló kù tó fi ń rí wa."

Ẹ̀yin ará, irọ́ dé ètè mi! Kí n ní oníṣègùn egungun ló so ó, pé ṣẹ̀ṣẹ̀ ni. Múráínà mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ni, kò ní já irọ́ tíṣà rẹ̀. Ta ni ìbá tú àṣírí mi? Olúwa ló la ẹnu mi.

"Èmi ni. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀."

"Tíṣà!" Ààfáà pariwo. "Ìwọ?"

Dókítà ń tú ìgbànú. "Ó dáa tí ẹ sọ ọ́. Ká ní ẹ ní ṣẹ̀ṣẹ̀ ni, ǹ bá rò pé egungun ló gé iṣan ẹ̀jẹ̀, ǹ bá sì ti gbé ọ̀bẹ. Ẹ jẹ́ ká dúró fún wákàtí kan. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá padà, màá gé ọwọ́ náà."

Wákàtí kan! Ààfáà ń fa tẹ̀sùbáà, èmi ń pe Jésù, lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Kò wò mí lójú. Dókítà padà dé, ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka kan. Múráínà ò mira. Ó gún èkejì. Kò mira. Ó gún ẹ̀kẹta.

"Yéè! Kí ló bù mí jẹ?"

Halelúyà! Ẹ jó fún mi! Dókítà rẹ́rìn-ín. Ààfáà ń ké "Alihamudulilai!" Èmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ dìde, Tíṣà," ó ní. "Inú ń bí mi sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò purọ́ lórí ọwọ́ ọmọ mi."

Ọwọ́ náà jinná. Múráínà ti padà sórí ẹní, ó sì ti gbé èmi gan-an ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbàdí mi ló ń jẹ́rìí yẹn.

O ṣé, Bàbá! O ṣé tí O kò jẹ́ kí ìtìjú mi gé ọwọ́ ọmọ! Ìwọ tí o jókòó níbẹ̀, tí o ti ṣe àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí ẹlòmíràn ń jìyà rẹ̀, má dúró de ọ̀la. Dìde, lọ sọ pé ìwọ ni, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì lè padà.