Ìbọn Àfàtúnfà tí Ọdẹ́jàyí Gbé Wálé

Ní ayé àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni tó pe ibí yìí ní Ìdí-Àfọ̀n, kí òrùlé kankan tó wà níbí, igbó ni gbogbo rẹ̀. Igbó dídí ni, oòrùn kì í fojú kan ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, sún mọ́ iwájú. Ìtàn ẹni tó tẹ ibí yìí dó ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ti ìjàpá.

Ọdẹ́jàyí ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ ni, ọmọ ọdẹ sì ni, ìlú Òkè-Apárá ló ń gbé nígbà náà. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Ọdúnlámì, ọdẹ bíi tirẹ̀. Wọ́n jọ dàgbà ni, wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ, ọdún kan náà ni wọ́n sì gbéyàwó. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lójú ọ̀nà, ẹ kàn dúró díẹ̀, èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìbọn ìgbà náà, ṣakabùlà ni. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á ki í, á ki í, á fi ọta sí i, á tún ki í. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò dún. Bó bá ti dún, igi lásán ló kù lọ́wọ́ ọdẹ, àfi bó bá tún jókòó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹ̀tù. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ méjì fi máa ń jọ lọ. Ọ̀kan á di ìbọn mú, èkejì á lúgọ sí òdìkejì pẹ̀lú àdá. Bí ìbọn bá ti dún báyìí, gbòlà, ẹni tó lúgọ á dìde, á sáré lọ bá ẹran náà kó tó ríbi sá sí. Kì í bẹ̀rù ìbọn, torí ìbọn ti sọ tiẹ̀ tán. Báyìí ni Ọdẹ́jàyí àti Ọdúnlámì ṣe ń ṣe é láti kékeré. Ọdẹ́jàyí á yìn, Ọdúnlámì á dìde. Ọdẹ́jàyí á yìn, Ọdúnlámì á dìde.

Ó wá di ọdún kan, Ọdẹ́jàyí pa erin. Ó ru eyín rẹ̀, òun pẹ̀lú àwọn oníṣòwò, ó di etí òkun. Wọ́n pẹ́ títí tí ìyàwó rẹ̀, Àjíún, fi ń wo ojú ọ̀nà lójoojúmọ́. Ìgbà tí yóò fi dé, kò ru iyọ̀, kò ru aṣọ. Ìbọn kan ló gbé kọ́ èjìká. Gbogbo eyín erin ló fi pààrọ̀ rẹ̀.

Háà! Ẹ bá mi wo ìbọn náà. Ìdí rẹ̀ jẹ́ igi pupa tó ń dán. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti ń di ìbọn mú, irin róbótó kan wà bí òrùka ńlá, ìka mẹ́ta a wọ inú rẹ̀. Bí o bá ti irin náà sílẹ̀, tí o tún fà á padà sókè, á ké ṣàkà-ṣákà! Kóróofo ọta tí o ti yìn á fò jáde, ọta tuntun á bọ́ sípò rẹ̀. O lè yìn ín, kí o fà á, kí o yìn ín, kí o tún fà á, láìki ẹ̀tù, láìmí. Òkè-Apárá kò rí irú rẹ̀ rí. Ọdẹ́jàyí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àfàtúnfà.

Ọjọ́ tó gbé e dé, gbogbo àdúgbò ló dà síta. Wọ́n ní kó fà á, ó fà á. Kóróofo kan fò jáde, àwọn ọmọdé dà bò ó, wọ́n ń jà sí i. Àwọn àgbà ọdẹ ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Ọdúnlámì ló gbé e pẹ́ jù. Ó fà á, ó rẹ́rìn-ín, ó tún fà á.

Ó ní, “Ọdẹ́jàyí, èyí ni pé ẹran kò ní ráyè tọrọ gáfárà mọ́!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Inú Ọdẹ́jàyí dùn ṣìnkìn. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti jí, ìbọn ni yóò kọ́kọ́ nù. Òrí ló fi ń pa á lára, títí Àjíún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

“Bàbá Ọdẹ́yẹmí, òrí tí mo fi ń pa ọmọ lára ni ẹ kó fún irin yẹn!”

“Òun náà, ọmọ ni.”

“Ó dáa. Ẹ ní kó máa bá yín sebẹ̀.”

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn ọjọ́ yẹn dùn. Bàbá mi kì í sọ ọ́ kó má rẹ́rìn-ín músẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì bí òun náà nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Nínú gbogbo ariwo yẹn, nǹkan kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì kò bá ara wọn sọ. Ọdúnlámì mọ̀ pé ìbọn yìí ń dún léraléra. Ojú rẹ̀ rí i, ọwọ́ rẹ̀ fà á. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ọdẹ́jàyí náà kò sì rántí bi í pé, “Ọ̀rẹ́ mi, báwo ni a ó ṣe máa ṣe é báyìí?” Wọ́n kàn gbé àdá, wọ́n gbé Àfàtúnfà, wọ́n wọgbó bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Àárọ̀ ni. Wọ́n rin ìrìn jíjìn, wọ́n dé ibi tí koríko ga ju èèyàn lọ, wọ́n bá ẹfọ̀n kan níbẹ̀. Ọdúnlámì yí lọ sí òdìkejì, ó lúgọ. Ọdẹ́jàyí fojú sun ún, ó yìn ín. Ẹfọ̀n náà ta gìrì, ó wọ inú koríko. Ọdẹ́jàyí fa irin, ṣàkà-ṣákà! Ó rí i tí koríko ń mì. Ó ní ẹfọ̀n náà nìyẹn. Ó yìn ín.

Ohùn èèyàn ló gbọ́.

Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré wọ inú koríko, ó bá Ọdúnlámì nílẹ̀, àdá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde ní itan rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó gbá Ọdẹ́jàyí mú, ó ní, “Bẹ̀rẹ̀! Bẹ̀rẹ̀! Àwọn kan wà níbí tí wọ́n ń yìnbọn, wọn ó yìn ọ́!”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé ìbọn Ọdẹ́jàyí lè dún lẹ́ẹ̀kejì.

Ọdẹ́jàyí ní, “Kò sí ẹnì kankan níbí o, Ọdúnlámì. Èmi ni. Èmi ni mo yìn ọ́.”

Ọdúnlámì wò ó. Ó ní, “Họ́wù, ìbọn ti dún. Mo ṣáà dìde ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ọdẹ́jàyí kò lè gbàgbé títí ó fi kú. Ó fa aṣọ ara rẹ̀ ya, ó fi di itan náà, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó ń sunkún, ó ń rìn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi àfọ̀n ńlá kan létí odò, ohùn Ọdúnlámì ti fẹ́ẹ̀ má jáde mọ́.

Ó ní, “Sọ̀ mí kalẹ̀ níbí. Bí o bá tún gbọ̀n mí síwájú, òkú mi ni wàá gbé dé Òkè-Apárá.”

Ìdí àfọ̀n yẹn ni ibi tí a jókòó sí yìí. Ọdẹ́jàyí gé igi, ó já ewé gbòdógì, ó pa àgọ́ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí. Adẹ́mu kan ń kọjá lọ, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun sáré lọ sí Òkè-Apárá, kó pe Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdúnlámì, ẹni tó mọ ewé tí a fi ń wo ọgbẹ́.

Àwẹ̀ró dé. Kò pariwo. Ó tú aṣọ náà, ó wo ojú ọgbẹ́, ó wá yíjú sí Ọdẹ́jàyí, tó ń pè ní ọkọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé.

Ó ní, “Ọkọ mi, mo ti gbọ́ pé ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kú, ẹ má jẹ́ kí n tún fojú kàn yín láyé.”

Ọdẹ́jàyí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Ibà mú Ọdúnlámì, ó lọ, ó tún padà. Ọdẹ́jàyí ló ń gbé e lọ sí ẹ̀yìn àgọ́, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fọ aṣọ ọgbẹ́ lódò. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ó ṣán igbó, ó kọ ebè. Oko Ọdúnlámì ló kọ́kọ́ kọ kó tó kọ tirẹ̀. Àjíún kó àwọn ọmọ dé, àwọn ọmọ Àwẹ̀ró náà dé. Àgọ́ di méjì, ó di mẹ́rin, wọ́n mọ ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló dé tí a fi tẹ̀dó síbi tí omi ń ya wọlé yìí, ẹ sọ fún un pé ibẹ̀ ni aláìsàn wa ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀.

Àfàtúnfà ńkọ́? Adẹ́mu yẹn ló rí i nínú koríko tó gbé e wá. Ọdẹ́jàyí kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kó gbé e há igi àfọ̀n lókè lọ́hùn-ún, kí òjò máa pa á. Ó búra pé òun kò ní yìnbọn mọ́ láyé òun.

Ọdúnlámì kò kú. Ọgbẹ́ san, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò nà mọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìgbà tó jáde wá wo oko, iṣu ti ń ta, ìmàdò sì ti ń bọ̀ láti inú igbó, wọ́n ń hú u. Ọdẹ́jàyí dẹ tàkúté, tàkúté kò ká wọn. Ìmàdò ń jẹ oúnjẹ ilé méjèèjì lọ ni, ọdẹ ńlá sì ń fi òkò lé wọn bí ọmọdé.

Ọdúnlámì kò bá a jiyàn. Ó ní kí àwọn ọmọ gun àfọ̀n, kí wọ́n gbé ìbọn sọ̀ kalẹ̀. Ó ha ìpáàrà kúrò lára rẹ̀, ó tọrọ òrí lọ́wọ́ Àjíún, ó fi pa gbogbo irin rẹ̀. Ọdẹ́jàyí ti oko dé, ó bá ẹni tó yìnbọn fún tó ń nu ìbọn náà lórí itan tó yarọ. Ó jókòó sílẹ̀.

“Gbà,” Ọdúnlámì ní. “Ebi ń bọ̀ wá bá àwọn ọmọ.”

“Ọdúnlámì, mi ò lè ṣe é.”

“Èmi ni yóò lúgọ.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní èmi ni yóò lúgọ. Ta tún ni ì bá lúgọ fún ọ?”

Wọ́n jọ lọ. Àwẹ̀ró káwọ́ lérí, ó ń wò wọ́n lọ, kò sì dá wọn dúró. Ọdúnlámì wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ òdìkejì, ó lúgọ. Ìmàdò jáde. Ọdẹ́jàyí yìn ín. Ó fa irin, ṣàkà-ṣákà! Ìmàdò ń sá lọ, koríko ń mì níbí, ó ń mì lọ́hùn-ún. Ọwọ́ Ọdẹ́jàyí ń gbọ̀n, òógùn bò ó lójú. Ó gbé ẹnu ìbọn sí ojú ọ̀run, ó sì ké pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀:

“Ọdúnlámì o!”

Kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn náà, ohùn kan ti inú koríko jáde, ó le koko:

“Mo wà láàyè! Yìn ín!”

Ó yìn ín. Ìmàdò ṣubú. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jókòó tì í nínú koríko, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń sunkún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín.

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ, tí a fi ń ṣe bí a ti ń ṣe lọ́jọ́ ọdún ọdẹ. Ará ìlú mìíràn á yìnbọn gbà-gbà-gbà, wọn a sì máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a kò ní ẹ̀tù. A ní ẹ̀tù. Bí ilé Ọdẹ́jàyí bá yin ẹyọ kan, wọn á dúró, wọn á pe Ọdúnlámì. Ó di ìgbà tí ẹnì kan bá dáhùn láti ilé Ọdúnlámì pé, “Mo wà láàyè!” kí wọ́n tó yin èkejì. Àfàtúnfà fúnra rẹ̀ kò lè dún mọ́, ìpáàrà ti jẹ ẹ́. Mo ti ìka bọ inú irin róbótó yẹn nígbà tí mo kéré, ó tutù, kò mì. Ó máa ń wù mí pé kí n gbọ́ ọ kó ké lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ ilé Ọdúnlámì ni èmi. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, èmi ni mò ń dáhùn. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè, mo dáhùn, wọn kò gbọ́. Wọ́n tún pè, mo dáhùn, ohùn kò jáde. Gbogbo èèyàn dúró, ìbọn wà lókè, ẹ̀rù sì bà mí gan-an, bí ẹni pé bàbá ńlá wa ń kú lọ nínú koríko yẹn nítorí ọ̀fun mi.

Lọ́la tí í ṣe ọjọ́ ọdún ọdẹ, ẹ̀yin ni yóò dáhùn. Gbogbo yín, ọkùnrin, obìnrin. Ẹ má fi ẹ̀rín dáhùn, ẹ má sì kùn ún sẹ́nu. Ẹ ké e síta kó dé òkè odò. Ọwọ́ Ọdẹ́jàyí ń gbọ̀n níbẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá òun ti pa ọ̀rẹ́ òun.