Fóòmù Tí Màmá Bá Mi Fọ̀

Wá wò ó! Ìyàwó mi, wá fojú ara ẹ wo nǹkan tí màmá ẹ fi mí ṣe láàárọ̀ yìí! Mo ní kí n wọ balùwẹ̀ kí n bọ́jú, kí ni mo rí lórí okùn? Fóòmù inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ẹja! Ó funfun báláú, ó ń ta sánsán! Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi omi gbígbóná ṣàn án, wọ́n fún un gbẹ, wọ́n sá a bí aṣọ ọmọ tuntun! Yéè!

Wọ́n ní ó dọ̀tí. Ó dọ̀tí kẹ̀? Ìdọ̀tí yẹn gan-an ni mo ń sìn! Kí lo rò pé mo ń ṣe látìgbà tí mo ti gbé àpótí gíláàsì yẹn sí pálọ̀? Mo fọ yanrìn títí ọwọ́ mi fi bó, mo gbin ewé sínú omi níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, mo ń ju oúnjẹ ẹja sínú omi tí kò sí ẹja nínú ẹ̀, ìwọ gan-an lo bi mí pé ṣé iwin ni mo ń bọ́. Mo gbà! Oúnjẹ yẹn ló ń jẹrà, òun ni àwọn kòkòrò tójú ò lè rí ń jẹ tí wọ́n fi ń pọ̀ sí i nínú fóòmù, kó lè jẹ́ pé tẹ́ja bá dé, àwọn ni wọ́n á máa gba májèlé kúrò nínú ìgbẹ́ ẹ̀. Gbogbo wọn pátá ni Màmá ti ṣàn dànù sí gọ́tà!

Ọ̀sán òní sì ni ẹlẹ́ja ń bọ̀! Àwọn ẹja pupa wẹẹrẹ tí mò ń lọ wò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ bí ẹni tó ń dẹnu kọ ọmọge! Tí mo bá dà wọ́n sínú omi yẹn báyìí, ìgbẹ́ ara wọn ló máa pa wọ́n. Àánú wọn ń ṣe mí, Ọlọ́run ń gbọ́.

Ẹ̀n? Kí n lọ sọ ọ́ fún Màmá? Èmi? Kí n dúró níwájú ìyá ìyàwó mi, kí n ní wọ́n jẹ̀bi torí wọ́n fọ nǹkan? Àwọn tí wọ́n wá kí wa, tí wọ́n fọ abọ́, tí wọ́n fọ kọ́tìnnì, tí wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgbálẹ̀? Wọ́n á palẹ̀ ẹrù mọ́, gbogbo ẹbí yín á sì gbọ́ pé torí fóòmù ni mo ṣe lé wọn! Ìwọ tí wọ́n bí ni kó o sọ ọ́. Kó o sì pe ẹlẹ́ja, ní kó bá mi tọ́jú àwọn ẹja yẹn dìgbà tí omi bá tún dáa, kó má tà wọ́n fún ẹlòmíì o! Ewé ṣì wà nínú omi, a dúpẹ́, ìyẹn á bá wa fa májèlé díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣáà ti tún…

Háà, ẹ káàárọ̀, mà! Ẹ kú iṣẹ́, mà. Rárá o, a kàn ń tàkúrọ̀sọ ni. Fóòmù? Ó mọ́, mà, ó mọ́ kọjá sísọ, ẹ ṣeun gan-an ni. Kí lẹ wí, mà? Koríko? Koríko wo ló hù sínú omi? Ẹ ti… gbogbo ẹ̀ lẹ fà tu?

Hà! Hà-hà-hà! Kò sí nǹkan, mà, inú mi ló dùn. Ẹ kú làálàá, mà. Ìyàwó mi, mú etí wá, jọ̀ọ́, pe ẹlẹ́ja kíá, kí wọ́n tó bá mi gbọ́n omi náà dànù.