Nítorí Ọ̀pá Jíà, Mo Ba Dírẹ́bà Kan Lórúkọ Jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ mi. Mẹkáníìkì mọ́tò ni mí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa dáadáa lè ti dá mi mọ̀ kó tó kà á tán, n kò sì lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó di gbangba tàbí kó bá mi wọ sàréè. Mo ń jókòó, mo ń dìde. Ìyàwó mi bi mí láàárọ̀ yìí pé ṣé kòkòrò ló wọ ṣòkòtò mi ni. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre.

Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin. Ọdún tó ṣáájú èyí tí Ọbabìnrin Ìlú Òyìnbó wá kí wa ni. Lọ́yà kan wà tó ń gbé Ìkòyí, ọmọ wa ni, Lọ́ńdọ̀nù ló ti kàwé dé. Ó gbé mọ́tò eré ìje kan bọ̀, èyí tí kò lórùlé, tó jẹ́ pé ẹni méjì péré ló ń gbà. Mọ́tò àtijọ́ ni, wọ́n ti ṣe é kí ogun àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń kọjá, ẹni tó ń ṣe àlùwàlá gan-an á gbójú sókè wò ó.

Ọ̀pá jíà rẹ̀ ló ń yọ Lọ́yà lẹ́nu. Ó gùn, ó ń gbọ̀n, bó bá sì fẹ́ pààrọ̀ jíà, ọwọ́ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún ẹni tó jókòó tì í. Ó fẹ́ kúkúrú, bíi ti àwọn tó ń fi mọ́tò díje, èyí tí wàá kàn mi ọwọ́ díẹ̀ tí jíà á ti wọlé. Ó gbé e wá bá mi. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. A lè kọ̀wé sí Ìlú Òyìnbó, kí wọ́n fi èyí tí wọ́n ṣe fún irú mọ́tò náà gan-an ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Tàbí kí n wá ọgbọ́n dá sí i níbí. Ó ní òun ń lọ ṣẹjọ́ ní Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n bá òun yan èyí tó dáa jù.

Dírẹ́bà rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bàbá Wàídì. Ó ní, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ ká dúró de ti òyìnbó o. Kì í ṣe gbogbo irin là ń fi òòlù bá sọ̀rọ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́yà pàápàá rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ta ni dírẹ́bà tó fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi? Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, mo ti yan èyí tí n ó ṣe.

Òkú mọ́tò kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi nígbà náà, irú mìíràn pátápátá. Ọ̀pá jíà tirẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ funfun, ó ń dán. Ẹ wò ó, n kò ní parọ́ fún yín mọ́. Torí pé ó wù mí lójú ni mo ṣe yàn án, àti kí n lè sọ fún ẹnì kan pé ṣé o rí i báyìí. Mo gé e, mo jó o pọ̀, mo fi ayùn-irin rin ín títí ó fi wọlé sí mọ́tò Lọ́yà.

Ìgbà tó wọlé tán ni mo rí ohun tí mo ṣe. Irin kan wà tí mo fi so ó láàárín, irin yẹn ló dojú gbogbo rẹ̀ dé. Bí o bá tì í síwájú, inú jíà á gbà á bíi pé ẹ̀yìn lo fà á sí. Ibi tí jíà kìn-ín-ní wà tẹ́lẹ̀, rìfáàsì ló wá wà níbẹ̀, ìyẹn jíà tí mọ́tò fi ń rìn sẹ́yìn. Mo wà á yí ká ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta, ó mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kò burú, á mọ́ àwọn náà lọ́wọ́.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi lé wa lọ́wọ́. Bí o bá yí nǹkan padà lára mọ́tò, wàá so àkísà pupa mọ́ síárìn rẹ̀. Àkísà yẹn ò gbọdọ̀ kúrò títí wàá fi jókòó ti ẹni tó fẹ́ wà á, tí ẹ ó jọ yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan. Mo so ó. Àmọ́ gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù ló ń bi mí pé kí ni mo yí padà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i kí Lọ́yà tó dé. Láàárọ̀ Jímọ̀, èmi fúnra mi tú àkísà náà, mo fi tapólì bo mọ́tò.

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn náà ni Bàbá Wàídì wá gbé e. Lọ́yà ti tẹ wáyà pé òun ń bọ̀ nínú rélùwéè, kí ó fi mọ́tò náà wá pàdé òun ní Ìdó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú rùmù. Ó ní eyín ò jẹ́ kí òun sùn, pé ìyá àgbà kan ló ní kí òun fi ògógóró àti kànáfùrù yọ ẹnu. Ó ní, "Mo tu ú dànù o, wàláhì, n ò gbé e mì. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu mi lónìí tó jẹ́ Jímọ̀." Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún.

Mo ti wọ agbádá funfun mi. Ládàánì ti ń pè. Ó ká tapólì kúrò, ó jókòó, ó rí ọ̀pá jíà kúkúrú náà, ó wò mí lójú.

"Ẹ ti yí i. Ṣé nǹkan kan wà tó yẹ kí n mọ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Bí mo bá jókòó tì í, kò ní pẹ́ tó ìgbà téèyàn fi ń ṣe àlùwàlá. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi sọ fún ọkùnrin yìí, ẹni tó fi òòlù mi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ohun tí mo ṣe dojú dé. Ẹnu mi kọ̀.

Mo ní, "Kí ló fẹ́ wà níbẹ̀? Jíà ni jíà ń jẹ́. Ẹ máa lọ." Mo kẹ́yìn sí i.

N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo gbọ́ ariwo. Iwájú ló fẹ́ lọ, ẹ̀yìn ni mọ́tò fò sí. Télọ̀ kan wà ní òdìkejì tó ń ránṣọ lábẹ́ àtíbàbà. Mọ́tò gbá òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ògiri. Kò kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní.

Àwọn tó ń lọ kírun pé jọ. Bàbá Wàídì bọ́ sílẹ̀, ó ń pariwo pé, "Jíà yẹn ni! Wọ́n ti yí jíà yẹn!" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rù bà mí. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

Mo ní, "Ẹ gbóòórùn ẹnu rẹ̀ ná."

Alàgbà kan sún mọ́ ọn, ó gbọ́ òórùn, ó fò sẹ́yìn. "Astagfurulahi! Ọtí! Lọ́jọ́ Jímọ̀!" Wọ́n gbá fìlà kúrò lórí rẹ̀. Bàbá Wàídì ní eyín ló ń dun òun, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Kò bá wọn jà. Èmi ló ń wò. Ó ń dúró kí n sọ ọ̀rọ̀ eyín rẹ̀. Mo wolẹ̀.

Wọ́n gbé télọ̀ lọ sí ọsibítù, wọ́n mú dírẹ́bà lọ sí téṣàn, àwọn yòókù lọ kírun. Èmi ò kírun. Mo bọ́ agbádá, mo tú ọ̀pá kúkúrú náà, mo dá èyí tó gùn padà sáyè rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé láti yẹ mọ́tò wò, ohun gbogbo ti rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi Bàbá Wàídì ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ọtí ló ń sọ ọ̀pá di kúkúrú lójú rẹ̀. Mo ju ọ̀pá kúkúrú náà sínú ọ̀sà.

Mo sọ fún Lọ́yà pé n kò tíì fọwọ́ kan jíà rẹ̀, pé mo ń dúró de ọkọ̀ òkun ni. Ó yìn mí. Ó ní mo ní sùúrù. Ti òyìnbó dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo bá a fi sí i, ó dára, orúkọ mi kàn dé Ìkòyí. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì Bàbá Wàídì. Ọmọlanke ló ń tì ní Ẹ̀búté Èrò báyìí. Ní mọ́ṣáláṣí, ìdí bàtà ló máa ń jókòó sí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò pé ọdún márùn-ún. Ọmọ mi obìnrin mú ọkọ wálé, ọmọ tó mọ̀wé, tó níwà, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Mo bi í léèrè pé ọmọ ta ni. Wàídì ni, ọmọ dírẹ́bà yẹn gan-an.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi, olórí ẹbí wa, rán èèyàn lọ ṣèwádìí ní Ìsàlẹ̀ Gángan, níbi tí ilé wọn wà. Wọ́n bọ̀ wá sọ pé ilé ọ̀mùtí ni, ilé òpùrọ́ ni, ẹbí wa ò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, "Ìwọ tó ṣojú rẹ ni kó o jẹ́rìí níwájú ẹbí méjèèjì lọ́jọ́ Àìkú." Ọmọ mi ti ń sunkún láti ìjẹta. Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Bàbá Wàídì fúnra rẹ̀ wá. Ó ti gbẹ. N kò tíì rí i nítòsí láti ọjọ́ yẹn. Mo rò pé ó fẹ́ bú mi. Ì bá bú mi! Ṣe ló rọra jókòó sórí táyà.

Ó ní, "N ò bá yín jà. Ẹ sọ ọ̀kan fún mi kí n lè sinmi. Mo ti sọ ọ́ títí, gbogbo ayé ní irọ́ ni, ìyàwó mi pàápàá ní kí n yé sọ ọ́. Èmi náà ò mọ̀ mọ́ bóyá mo rí i tàbí n ò rí i. Ọ̀pá jíà ọjọ́ yẹn, ṣé ó gùn ni, àbí ó kúrú? Bí ẹ bá ní ó gùn, á jẹ́ pé orí mi ló dàrú. N ó mú ọmọ mi kúrò lọ́nà ọmọ yín, n ò ní pọ́n yín lójú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run gbé e sí mi lọ́wọ́. A ò ju àwa méjì lọ níbẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì ní, "Ó gùn."

Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ ṣé." Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Láti ìgbà náà ni n kò lè jókòó sójú kan. Mo ti lọ dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mejì lónìí, mo tún yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ṣé ọmọ mi á tún pè mí ní bàbá? Ṣé télọ̀ á dárí jì mí? N kò mọ̀. Ẹnu tí mo fi purọ́ fún un lánàá, n kò mọ bí mo ṣe lè là á níwájú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń lọ sí Ẹ̀búté Èrò lónìí, tó bá rí ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke, tí wọ́n ń pè ní Dírẹ́bà Ọ̀mùtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé orí rẹ̀ ò dàrú. Kúkúrú ni. Ó kúrú.