Kì Í Ṣe Dáre Ló Fẹjọ́ Ṣọlá Sun Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Wọ́n fẹ́ lé aláìṣẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin wa, èmi ni wọ́n sì ní kí n lé e. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ mọ́.

Èmi ni mo dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Kàbà níbí. Mò ń ta gìtá, Dáre ń lu dúrọ́ọ̀mù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ta béèsì. Rọ́ọ̀kì là ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bàbá Dáre la ti ń dánra wò. Ariwo wa pọ̀. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará àdúgbò á ti fèrèsé.

Ìgbà tí Ṣọlá dé láti Ìyarà láti máa kọrin fún wa ni nǹkan yí padà. Ó ní kí n dẹwọ́ díẹ̀, kí ohùn lè ráyè. Ó wá fi èdè ilé wọn kọ orin kan tó ṣe fúnra rẹ̀. Gìtá mi ṣì ń han, dúrọ́ọ̀mù ṣì ń dún kíkankíkan, ṣùgbọ́n orin náà dùn débi pé àwọn tó ń ti fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga síta.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn. Wọ́n ń pè wá ní ẹgbẹ́ Ṣọlá. Ìyá tó bí mi bi mí pé, "Ọmọ olóhùn yẹn ò wá lónìí ni?" Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo gbìyànjú láti kọrin bíi tirẹ̀ ní balùwẹ̀. Ohùn mi há.

Nígbà tí wọ́n pè wá láti wá ṣeré ní Lókòjá, Ṣọlá ni wọ́n ń béèrè. Owú gbé mi wọ̀. Mo lọ bá bàbá rẹ̀, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n. Mo ní igbó ni Ṣọlá ń mu ní ṣọ́ọ̀bù wa. Irọ́ ni. Ọmọ náà kò fẹnu kan sìgá rí. Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n má dárúkọ mi.

Bàbá yọ ọ́ kúrò ní ilé ìwé gíga, wọ́n mú un lọ sóko àbúrò wọn ní Ifẹ̀-Olúkòtún. Àwa lọ sí Lókòjá. Èmi ni mo kọ orin Ṣọlá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mi ò sọ ẹni tó ni ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ṣọlá pè mí lórí fóònù, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn: "Okun o, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ padà, àmọ́ kí Dáre kọ́kọ́ kúrò. Òun ló bà mí jẹ́ lójú bàbá mi, ṣebí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ni wọ́n ní mo ti ń mu igbó. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò já mi kulẹ̀."

 Ó wá kọ orin tuntun kan sí mi létí. Ohùn rẹ̀ tún ti dára sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, owú yẹn tún ru sókè nínú mi.

Dáre ti búra títí, ó ti sunkún. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni gbogbo ẹgbẹ́ ń retí. Bí mo bá jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa bá mi ṣe orin mọ́. Ṣọlá ni, àbí Dáre, àbí bàbá tó ń fojú ọ̀daràn wo ọmọ rẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, iwájú ta ni kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀?